Òdòdó Ìgbéyàwó àti Àrokò Inú Rẹ̀: Láti Èkó dé Kúta

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìwó lọ sí Kúta, ìlú àwọn Òwu tí Olówu Kúta ń jọba lé lórí, ní àkókò òjò àkọ́rọ̀, yóò gbọ́ òórùn dídùn ìtànná ọsàn láti inú oko àti ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá sì yà sí ibi ìgbéyàwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan náà, kò ní ṣàì ṣeé ṣe kí ó bá òdòdó oníke lọ́wọ́ ìyàwó, èyí tí a ti òkè òkun kó wá. Ìtàn ni ó ya òdòdó méjèèjì sọ́tọ̀. Ó yẹ kí a mọ ìtàn náà kí a tó mọ bí a ó ti yan ẹni tí yóò bá wa to òdòdó ìgbéyàwó, tí mo ń pè ní olódòdó nínú àròkọ yìí.

Kí àwọn baba wa tó mọ òdòdó ìgbéyàwó ni igi àti ewéko ti ní àyè lọ́jọ́ ìyàwó. Osùn ni a fi ń kun ìyàwó lára. Ní agbègbè Ìwó, níbi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti gbilẹ̀, làálì ni a fi ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú ẹrù ìyàwó, a ń fi orógbó wúre pé kí wọ́n gbó, a ń fi obì wúre pé kí ibi ó yẹ̀, a sì ń fi ataare wúre pé kí ọmọ wọn pọ̀ bí hóró inú rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ẹwà ni a ṣe ń kó wọn wá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí owó ẹyọ mẹ́fà tí a fi ránṣẹ́ ti ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, tí mẹ́jọ sì ń dá a lóhùn pé ọkàn wa jọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kàn ń mú òdòdó dání fún afẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1840, ìtànná ọsàn ni ó dé sórí. Igi ọsàn a máa tanná, a sì máa so èso pẹ̀lú ìtànná lórí rẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ń wúre ọmọ bíbí. Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ṣe ìgbéyàwó ní 1858, ewé mírtílì wà nínú òdòdó ọwọ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe àmì ìfẹ́. Ní ayé ọba náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa ṣe ìwé tí ó ń sọ ìtumọ̀ òdòdó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni èyí bí kò ṣe àrokò?

Báwo wá ni àṣà yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí àwọn ará Dàhòmì kó lẹ́rú, tí a sì fi lé ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́wọ́ ní 1850, di ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ń tọ́jú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862, ó fẹ́ J. P. L. Davies, oníṣòwò tí a bí ní Ṣàró fún òbí Yorùbá, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní ìlú Brighton. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́wàá ni ó gbé wọn, ọmọbìnrin mẹ́rìndínlógún ni ó sì tẹ̀lé ìyàwó. Lẹ́yìn náà ni tọkọtaya yìí wá tẹ̀dó sí Èkó, láàárín àwọn Ṣàró ọ̀mọ̀wé tí ń ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí òfin ìgbéyàwó jáde ní Èkó ní 1884, ìjọba fi ọwọ́ sí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Láti Èkó ni aṣọ funfun, òrùka àti òdòdó ti tàn dé ìgbèríko. Ara òdòdó dé, ṣùgbọ́n àrokò inú rẹ̀ kò bá a dé.

Síbẹ̀, kí a má ṣe bú ẹni tí ó ra òdòdó oníke. Òdòdó róòsì fẹ́ ibi tútù. Ní àyíká adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà, ilẹ̀ tí ó ga ju òkun lọ ní mítà 1,800 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n ti ń gbìn ín tà fún gbogbo ayé. Kí irú rẹ̀ tó dé Kúta, yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú, yóò tún wọ ọkọ̀ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òdòdó tí a ti gé ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ọ̀sán wa kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí a ti ń yan alárenà láyé àtijọ́ ni kí a yan olódòdó: kí a wádìí rẹ̀. Kí a lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ níbi ìgbéyàwó ẹlòmíràn, kí a má ṣe gba àwòrán nìkan gbọ́. Kí a béèrè ọjọ́ tí yóò gé òdòdó, omi tí yóò fi í sí àti ẹni tí yóò gbé e wá. Kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi àpèjẹ. Kí a kọ iye owó, àsansílẹ̀ àti wákàtí sílẹ̀, kí a sì fẹnu kò lórí ohun tí yóò lò bí òdòdó tí a fẹ́ kò bá sí. Paríparí rẹ̀, kí a sọ ohun tí a fẹ́ kí òdòdó náà wí fún un. Bí ó bá jẹ́ àsìkò ìtànná ọsàn, kí ó gé e ní ìdájí, nítorí kì í pẹ́ rẹ̀ dànù. Bí kì í bá ṣe àsìkò rẹ̀, kí ó sọ òtítọ́ fún wa.

Àwọn kan yóò ní kí a kọ òdòdó sílẹ̀ nítorí pé àjèjì ni. Àjèjì ni àrán náà nígbà kan rí, ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di tiwa. Wọ́n ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárenà a yẹ̀ba. Òdòdó pàápàá yóò rọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ìre tí a fi í sú kò gbọdọ̀ rọ. Olódòdó tí ó jẹ́ olódodo ni kí a wá, kí a sì mọ ohun tí a rán an.