Ta Ló Nigi?

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ ẹ̀ ní í rọ́pò ẹ̀. Ní 1983, ní Maradi, lórílẹ̀-èdè Niger, Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà, rí i pé igbó kéékèèké inú oko kì í ṣe koríko lásán: kùkùté igi tó ṣì láàyè ni. Ṣùgbọ́n ìjọba ló nigi lójú òfin; àgbẹ̀ wo ló máa dá a sí? Nígbà tí ìjọba dẹwọ́, igi padà sórí nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà.

Nígbà tó di 2006, wọ́n gbé ọgbọ́n náà dé Humbo ní Etiópíà, sórí hẹ́kítà 2,728 tí àáké àti ẹran ọ̀sìn ti sọ di aṣálẹ̀. Báńkì Àgbáyé sanwó kábọ́ọ̀nù tí igi fà mu nígbà yẹn. Àmọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù 7 ti kọ́kọ́ gba ẹ̀tọ́ igbó náà lábẹ́ òfin. Ẹ̀tọ́ ló ṣáájú, owó ló tẹ̀ lé e.