Ọjọ́bọ̀ Kan Láàárín Àgọ́ Méjì

Ìdájí, 23 September 1886. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Àgọ́ Ìbàdàn wà lápá kan. Àgọ́ Èkìtìpàràpọ̀ kọjú sí i: Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, àti àwọn Ìgbómìnà tó ti Ìlá wá. Ogun àárín wọn ti wọ ọdún kẹjọ.

Òwúrọ̀. Iná ń jó nídìí ààrò. Ilé alámọ̀ ni wọ́n ń gbé. Oko wà lẹ́yìn àgọ́, wọ́n sì ń ná ọjà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti ń sáré kiri. Ìbọn Snider, tí wọ́n ń ki láti ìdí, wà lọ́wọ́ àwọn Èkìtìpàràpọ̀.

Ìyálẹ̀ta. Òyìnbó méjì, Higgins àti Smith, dúró sí àárín méjì pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà Hausa. Gómìnà Èkó ló rán wọn. Kí wọ́n tó dé, oníwàásù méjì ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ àlàáfíà: Samuel Johnson ń lọ sọ́dọ̀ Ìbàdàn, Charles Phillips ń lọ sọ́dọ̀ Èkìtìpàràpọ̀. Kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, wọn á ní ó sá.

Ọ̀sán. Àwọn olóyè pé. Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kò sí láyé mọ́, ó ti kú ní 1885. Ìwé àdéhùn àlàáfíà tó wà nílẹ̀ ní déètì 4 June. Àmì àgbélébùú kékeré ni àwọn tí kò mọ̀wé fi dípò orúkọ.

Ọ̀sán pọ́n. Ohun tó wà nínú ìwé kò gùn. Ìbàdàn kò ní jọba lé Èkìtìpàràpọ̀ mọ́. Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì àti Àdá di ti Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lè kúrò. Kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ kó kúrò ní ilẹ̀ Ifẹ̀. Kí àgọ́ méjèèjì tú.

Ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti kéde àlàáfíà. Kálukú padà sí àgọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọlu ẹnì kejì.

Alẹ́. Ìlá bọ́ lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n lápá Ọ̀fà, tí kò jìnnà sí Ìlá, ogun Ìlọrin ṣì dó. Ìlọrin kò fọwọ́ sí ìwé náà. Mọdákẹ́kẹ́ pàápàá kò kó. Ó di 1893 kí Carter, Gómìnà Èkó, tó tú àgọ́ Ìlọrin àti àgọ́ Ìbàdàn tó dojú kọ ọ́ ká. Ogun àwọn tó gbà ni ìwé náà parí.