Kọ́bọ̀ Oníhò: Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Tà Á

Láti etí omi Snake Island, èèyàn ń rí àwọn ọkọ̀ òkun ní èbúté Apapa. Ọkọ̀ òkun bẹ́ẹ̀ náà ló gbé kọ́bọ̀ oníhò dé Èkó, torí Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń rọ ọ́. Lónìí, bí ìyàwó ilé kan bá rí i nísàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà, ẹni tó ń ra irin àlòkù ló máa ń tà á fún. Ẹni tó bá ta á báyìí ti ta ìwé ìtàn.

Mẹ́ta ni oníhò: kọ́bọ̀, ààbọ̀ kọ́bọ̀, àti ọ̀nínì, tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. A ṣì ń sọ pé "mi ò ní ọ̀nínì lọ́wọ́", bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ò rí i rí. Ihò náà jẹ́ kí wọ́n lè fi okùn sín in, bí wọ́n ti ń sín owó ẹyọ.

Kò sí ojú ọba kankan lára rẹ̀, nítorí náà orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lábẹ́ adé. Bí ẹ bá rí GEORGIVS VI pẹ̀lú IND:IMP, ìyẹn ni pé ọba náà ṣì ń pe ara rẹ̀ ní ọba Íńdíà. Íńdíà gba òmìnira ní 1947. Lẹ́yìn ìyẹn, GEORGIVS SEXTVS REX nìkan ló kù.

Ẹ wá yí i sí ẹ̀yìn, níbi tí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà àti ọdún wà. Lẹ́tà H túmọ̀ sí ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham. KN ni King's Norton, ní Birmingham kan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọ̀ irin rẹ̀. Ọ̀nínì 1907 jẹ́ alumíníọ́mù, fífúyẹ́ bí ewé. Láti 1908, wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì àti bàbà rọ ọ́, ó sì funfun. Kọ́bọ̀ pupa, tí í ṣe idẹ, bẹ̀rẹ̀ ní 1952.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti 1936. Edward VIII gorí ìtẹ́ ní oṣù kìíní, ó kúrò ní oṣù Kejìlá, kò sì dé adé rí. Ní Ìlú Ọba, wọn ò ná owó tó ní orúkọ rẹ̀ lọ́jà. Níbí, kọ́bọ̀ EDWARDVS VIII wọ ìgboro, àwọn ìyá wa sì fi ra ata. Ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ò rí ná, aláta Èkó dì í mọ́ ìdí aṣọ.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi yanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ bó o. Ọdún àti lẹ́tà lè pa rẹ́. Ẹ fi omi lásán ṣàn án, kí ẹ bi àgbà ilé léèrè ẹni tó ni í. Tí ó bá dé orí òṣùwọ̀n onírin, ìtàn náà ti tán.