Olú Inú Ọbẹ̀ àti Ara Tó Ń Wú

Ìyá kan bi mí léèrè pé: "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní olú ń wo orúnkún wíwú. Ṣé kí n fi oògùn dókítà sílẹ̀ ni?" Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n pìtàn díẹ̀.

Ebu kan wà tó máa ń mú ọkà rye nílẹ̀ òyìnbó. Ìbátan olú ni. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì ọkà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jó o bí iná, ìka rẹ̀ á dúdú, á já bọ́. Ó pa ènìyàn púpọ̀. Síbẹ̀, inú ebu yìí náà ni wọ́n ti rí ergometrine ní 1935, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ohun tó ń pa ni, òun náà ló ń gba ni.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1909, ará Faransé kan, Charles Tanret, ti rí nǹkan mìíràn nínú ebu náà: ergothioneine. Èyí kì í ṣe májèlé. Olú tí à ń jẹ ló ní in jù nínú oúnjẹ. Ara wa kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, àfi ká jẹ ẹ́. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Jámánì rí i pé ara ní ilẹ̀kùn tó ń gbà á wọlé.

Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ẹ mọ̀ pé bí kòkòrò bá wọ egbò, ara á rán ọmọ ogun lọ. Ibẹ̀ á pupa, á gbóná, á wú, á sì máa dun ni. Ó dára bó bá mọ níwọ̀n. Àmọ́ bí ogun náà kò bá tán, á máa ba oríkèé jẹ́. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára eku, ergothioneine pẹ̀rọ̀ sí irú ogun bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn.

Ní Japan, Goro Chihara yọ lentinan jáde lára olú shiitake ní 1969. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe, tí àwọn dókítà gún fún alárùn jẹjẹrẹ pẹ̀lú ìtọ́jú mìíràn. Kì í ṣe àwo ọbẹ̀.

Àwọn ìyá wa náà mọ olú orí òkìtì ọ̀gán kí ìwé tó dé. Ní 1975, B. A. Oso kọ ọ̀rọ̀ nípa olú láàárín àwọn Yorùbá Nàìjíríà, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń fi í ṣe oògùn.

Nítorí náà, ìyá mi, ẹ máa jẹ olú, ẹ má fi oògùn sílẹ̀. Olú tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ má jẹ ẹ́, torí sísè kì í pa májèlé àwọn kan. Bí èébì bá dé lẹ́yìn olú, ẹ gbé ènìyàn náà àti olú tó kù lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Aboyún tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, tí orí ń fọ́ ọ, ẹ má wá olú fún un rárá. Ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ni kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá olórúnkún gbọ́. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ń se olú rẹ̀ sínú ẹ̀gúsí. Ire o.