Oko Ata Tó Di Ààfin

Ẹ̀yin ọmọ Olówógbowó, ẹ̀yin ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹni tó ń jẹun dáwọ́ dúró díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi lónìí tóó dá oúnjẹ dúró. Oko ata kan wà lórí erékùṣù Èkó yìí rí. Oko náà ló di ààfin.

Nígbà tí àwọn Àwórì tẹ̀lé omi láti Ìṣẹrì dé Ìdó, tí ilẹ̀ kan àwọn ọmọ Olófin olórí wọn, Àrómirẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, wo òdìkejì ọ̀sà. Níbi tí ẹlòmíràn ti rí ẹ̀fọn, òun rí oko. Ó tukọ̀, ó gúnlẹ̀, ó roko, ó gbin ata. Ata ni o! Kì í ṣe iyùn, kì í ṣe wúrà. Ata lásán tí ń gba omi lójú akíkanjú. Àwọn kan tilẹ̀ ní láti ara “oko” ni “Èkó” ti wá. Àwọn mìíràn ní èdè Ìbíní ni, àgọ́ ogun ló ń jẹ́. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ata àti ogun, èwo ni kì í ta nínú méjèèjì?

Ayé yí. Ọwọ́ Ìbíní tẹ ọ̀sà, ìdílé Aṣípa gorí ìtẹ́. Adó ọmọ Aṣípa jọba ní Ìdó. Gàbàró ọmọ rẹ̀ ló ká ẹní ọba níbẹ̀, tó wá tẹ́ ẹ sórí oko ata. Ibi tí àgbẹ̀ ti ń tẹ̀ba kọ ebè ni ìjòyè wá ń dọ̀bálẹ̀ sí. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Ìgà Ìdúngànràn, àwọn àgbà sì túmọ̀ rẹ̀ sí ilé orí oko ata. Ẹ wo iṣẹ́ orí! Àlejò gba oko onílẹ̀, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí lójoojúmọ́ pé oko ẹlòmíràn ni.

Láyé Ọba Akínṣẹ́mọ́yìn, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn Potogí oníṣòwò ẹrú, ọ̀rẹ́ ọba, kó amọ̀ sísun la òkun já láti fi bo orí ààfin, ní ìlú tí koríko ń borí ilé. Ó dán, ó rẹwà, ojú ò tó o rí. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í padà lófìfo: amọ̀ wọlé, ọmọ ènìyàn jáde.

Òwò ẹrú yẹn kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ní òun wá dá dúró nígbà tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ wọ ọ̀sà ní December 1851. Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà náà, kò kọ́kọ́ sá! Àgbá dáhùn àgbá, ọkọ̀ Teazer kanlẹ̀ sórí iyanrìn, ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ṣàn. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i; ẹni tó pa òwe yẹn kò rí iná Èkó lọ́jọ́ náà. Nígbẹ̀yìn, Kòsọ́kọ́ gba ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́, Akitóyè tó ti jọba ṣáájú rẹ̀ padà sórí ìtẹ́. Ní 6 August 1861, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ogun Kòsọ́kọ́ yẹn ni àwọn Sàró ń wọlé lọ́pọ̀, ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ẹrú àti ọmọ ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ́lé sí Olówógbowó wa níhìn-ín, ìrìn díẹ̀ sí òrùlé tí ọ̀rẹ́ oníṣòwò ẹrú bò. Ta ló lè ro irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Lónìí, ilé ìgbàlódé ti wà ní ìgà náà, mọ́tò ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ìran Àrómirẹ́ ṣì wà láàrin àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn onílẹ̀ Èkó. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá tí ẹ rí Olóyè Àrómirẹ́ tó ń wọlé tòun ti fìlà funfun, ẹ yà fún un lọ́nà: ọmọ ẹni tó gbin ata ló wá kí ẹni tó jókòó lórí ebè rẹ̀.