Musar: Wáìnì Pupa Ìdílé Hochar ní Lẹ́bánónì

Château Musar ni orúkọ ilé ìpọntí kan ní ìlú Ghazir, lórí òkè tó dojú kọ Òkun Mẹditaréníà, ní nǹkan bí kìlómítà 25 sí àríwá Beirut. Láti 1930 títí di òní, ìdílé kan ṣoṣo, ìdílé Hochar, ló ń darí rẹ̀. Oríṣi àjàrà mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀ nínú wáìnì pupa wọn, ọtí náà sì wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ wáìnì ń jiyàn lé lórí jù lọ. Àwọn kan ní kò sí irú rẹ̀ láyé. Àwọn mìíràn ní àbùkù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń fa iyàn náà gbọ́dọ̀ tọ ipasẹ̀ ọtí yìí dé oko àti dé inú ìdílé, kí ó sì tọ̀ ọ́ la ogun ọdún 15 kọjá.

Wáìnì kì í ṣe àlejò ní Lẹ́bánónì. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì á ti bá a pàdé nínú ìwé wòlíì Hóséà, níbi tí wòlíì náà ti fi òórùn rẹ̀ ṣe àpèjúwe ohun tó dára. Àwọn ará Fòníṣíà, àwọn oníṣòwò Tírè àti Sídónì, máa ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ tà ní Íjíbítì àti ní àwọn èbúté ìwọ̀ oòrùn. Ní 2020, àwọn awalẹ̀pìtàn kéde pé àwọn rí ìfúntí kan ní Tell el-Burak, nítòsí Sídónì, tó ti tó nǹkan bí 2,600 ọdún. Àwọn ará Róòmù tó wá gba ilẹ̀ náà lẹ́yìn àwọn ará Fòníṣíà sì kọ́ tẹ́ńpìlì ńlá kan sí Baalbek, ní àfonífojì Bekaa. Ti Bákúsì, òrìṣà wáìnì wọn, ni a mọ̀ ọ́n sí, òpó rẹ̀ sì ṣì wà lóòró títí di òní.

Ìtàn yìí kò ṣàn bí odò láìdáwọ́ dúró. Lábẹ́ ìjọba Ọtómánì, tó gba ibẹ̀ ní 1516, àwọn Kìrìsìtẹ́nì ló ń ṣe wáìnì, pàápàá fún ìsìn wọn, áráàkì sì ni ọtí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú. Ní 1857, àwọn àlùfáà Jẹ́súítì dá oko àjàrà sílẹ̀ ní Ksara, nínú Bekaa, wọ́n sì kó irúgbìn wá láti Àlgéríà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Faransé gba àkóso Lẹ́bánónì. Àwọn ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé tó dé kò lè jẹun láìsí wáìnì lórí tábìlì. Bí ọjà ṣe ṣí nìyẹn.

Ọmọ ogún ọdún ni Gaston Hochar nígbà tó dá Musar sílẹ̀ ní 1930. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Bordeaux dé ni, agbègbè Faransé tí òkìkí wáìnì pupa rẹ̀ ti kàn tipẹ́. Ilé ńlá kan tí wọ́n ti kọ́ láti ọ̀rúndún 18, tó ń jẹ́ Mzar, ló sọ di ilé ìpọntí, láti ara orúkọ ilé náà ni Musar sì ti wá.

Ibi tó fi ilé náà sí yẹ fún àròjinlẹ̀. Bekaa ni àjàrà rẹ̀ wà, lẹ́yìn Òkè Lẹ́bánónì, ṣùgbọ́n Ghazir wà ní apá kejì òkè náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Kí ló dé tí èèyàn á fi gbin àjàrà síhìn-ín, tí á sì máa fún un lọ́hùn-ún? Àlàyé ìdílé náà ni pé ní àsìkò yẹn, ọ̀rọ̀ ààlà Lẹ́bánónì àti Síríà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé Bekaa kò ní bọ́ sọ́wọ́ Síríà, Gaston sì fẹ́ kí ilé ìpọntí òun wà lórí ilẹ̀ Lẹ́bánónì bó ti wù kí wọ́n fa ààlà náà. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kan náà ló fi òkè gíga àti ọ̀nà jíjìn sáàárín oko àti àgbá, ọ̀nà yẹn ló sì wá di ọ̀ràn lẹ́yìn ọdún 45.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ ológun gbé Ronald Barton wá sí Lẹ́bánónì. Ìdílé tirẹ̀ ló ni Langoa Barton ní Bordeaux. Òun àti Gaston di ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ náà sì mú kí okùn tó so Musar mọ́ Bordeaux yi sí i.

Ẹni tó sọ Musar di ohun tí ayé mọ̀ ni Serge, ọmọ Gaston, tí wọ́n bí ní 1939. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló kọ́kọ́ kọ́. Ní 1959 ló bọ́ sídìí ìpọntí, ó sì jẹ́ kí baba rẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá máa ṣe é, ọ̀nà tòun lòun máa gbà. Baba gbà, ó sì yọwọ́ fún un. Kì í ṣe gbogbo baba ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá baba tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Serge kẹ́kọ̀ọ́ ní Bordeaux lọ́dọ̀ Jean Ribéreau-Gayon àti Émile Peynaud, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tó fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tún ọ̀nà ìṣe wáìnì ṣe ní ọ̀rúndún 20. Ó kọ́ bí a ti ń káwọ́ ọtí kí ó má bàa ṣìwà hù, ó gbọ́ ọ yé, lẹ́yìn náà ló yàn pé òun kò ní máa ká a lọ́wọ́ kò. Ní 1962, Ronald àbúrò rẹ̀ gba ètò owó àti ọjà títà, ọkàn Serge sì wá balẹ̀ sórí oko àti àgbá.

Àjàrà mẹ́ta inú Musar pupa ni Cabernet Sauvignon, Cinsault àti Carignan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti rí ni ìwọ̀n wọn ń rí. Cabernet, tí èèpo rẹ̀ nípọn, ló ń fún ọtí ní àwọ̀ kíkún àti ìkorò tó ń fún ahọ́n pọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ó lè dàgbà. Orí àwọn igi tó ti darúgbó ni Carignan ti ń wá. Òun ló ń mú kí ọtí kún ẹnu, ìkan rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ọtí rẹ̀wẹ̀sì. Cinsault ló ń kó òórùn dídùn àti ìrọ̀rùn wá. Ibi tí ìgboyà Serge wà gan-an nìyí, nítorí pé ọtí olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń fi Cinsault ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin Bordeaux kò sì fàyè gbà á nínú wáìnì wọn. Ṣùgbọ́n lókè Bekaa, tó ga tó nǹkan bí mítà 1,000 sí òkun, níbi tí oòrùn ti ń ràn ní nǹkan bí 300 ọjọ́ lọ́dún tí òru sì ń tutù, Cinsault kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Nǹkan bí ọdún 18 ni Serge fi ń gbé àpòpọ̀ yìí yẹ̀ wò, tó ń dín in, tó ń fi kún un, kí ó tó fìdí múlẹ̀ ní 1977.

Àwọn Bẹ́dúìnì tó ń gbé ní àfonífojì náà ló ń fọwọ́ ká èso. Tí èso bá dé Ghazir, inú kòtò sìmẹ́ǹtì ni oríṣi kọ̀ọ̀kan ti máa ń hó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹlẹ́mu kì í ti í fi nǹkan kan sí ẹmu kó tó máa hó, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í da ìwúkàrà tí a rà sínú omi àjàrà Musar. Èyí tó bá èso wá láti oko ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọtí á bọ́ sínú àgbá igi óákù tí wọ́n kó wá láti Nevers ní Faransé, á lo ọdún kan níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tó pò ó, tí wọ́n á dá a padà sínú sìmẹ́ǹtì kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè mọra wọn. Ní ìparí ọdún kẹta ni wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, láìsẹ́ ẹ, nítorí náà ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fi máa ń wà ní ìdí ìgò. Á tún wá sùn sínú àjà ilẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Ní ọdún keje ni yóò tó dé ọjà.

Ẹ ro ohun tí ọdún méje ń ná oníṣòwò. Owó ẹni tó ká èso, owó àgbá, owó ìgò, gbogbo rẹ̀ ti jáde lápò kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé. Ilé iṣẹ́ tó bá ní olùdókòwò tó ń béèrè èrè lọ́dọọdún kò lè dán an wò. Ìdílé tó mọ̀ pé ọmọ òun ló máa ta ohun tí òun tọ́jú ló lè ṣe é. Ní tèmi, ibi tí agbára Musar wà jù lọ nìyí, àní ju ìtàn ogun tí gbogbo èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n lọ.

Ogun abẹ́lé Lẹ́bánónì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1975, kò sì parí títí di 1990. Èèyàn tó kú nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 150,000. Ọ̀nà tó ti Bekaa gun òkè wá sí etí òkun kún fún ibùdó àyẹ̀wò àwọn ọmọ ogun, oníkálukú wọn pẹ̀lú ọ̀gá tirẹ̀. Ọmọ ogun Síríà wọlé ní 1976, ti Ísírẹ́lì wọlé ní 1982, àwọn méjèèjì sì kojú ara wọn ní Bekaa. Àárín wọn ni awakọ̀ àwọn Hochar ti ní láti kó èso tó ti pọ́n kọjá, èso tí kò lè dúró de àdéhùn àlàáfíà.

Ní 1976, kò ṣeé ṣe rárá. Musar kò ní wáìnì ọdún náà. Ní 1984, ìjà dí ọ̀nà tààrà pa, àwọn ọkọ̀ sì ní láti gba ọ̀nà àyíká. Nígbà tí wọ́n fi dé Ghazir, èso ti ń hó nínú ọkọ̀. Serge fún un bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọtí yẹn kò rí bí ti ìyókù, kò sì gbé e jáde sọ́jà bí ti àwọn ọdún yòókù. Ní gbogbo ọdún ogun tó kù, wọ́n kórè, wọ́n fún, wọ́n sì rọ ọ́ sínú ìgò. Tí bọ́ǹbù bá ń bọ́, àwọn ará àdúgbò máa ń sá wọ àjà ilẹ̀ tí ìgò wà.

Kí ogun tó dé, inú Lẹ́bánónì níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú wáìnì wọn. Ogun pa ọjà yẹn, Serge sì gbé ìgò rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Níbi ìpàtẹ wáìnì Bristol ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1979, Michael Broadbent, ọ̀gá nínú títa wáìnì ní gbàǹjo ilé Christie's, tọ́ Musar 1967 wò, wọ́n sì kéde rẹ̀ pé òun ni àwárí tó ta yọ jù lọ níbẹ̀. Ní 1984, ọdún tí èso hó nínú ọkọ̀ yẹn gan-an, ìwé ìròyìn Decanter fún Serge ní oyè Ẹni Ọdún, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún. Láti ìgbà náà, Bìrìtéènì kò jẹ́ kí Musar jó rẹ̀yìn mọ́.

Ẹ̀sùn tí àwọn alárìíwísí fi ń kàn án kò ṣòro láti lóye. Ìkan rẹ̀ máa ń ga, débi tí òórùn fínígà fi ń yọ díẹ̀ nígbà mìíràn. Òórùn awọ àti ti abà ẹṣin náà máa ń wà nínú rẹ̀. Ìgò ọdún kan kì í jọ ti èkejì. Ẹni tí wọ́n kọ́ pé wáìnì gbọ́dọ̀ mọ́ kedere yóò pe ìwọ̀nyí ní àléébù. Mo gbà pé òótọ́ ni nínú ọdún mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ọdún jọra wọn ń béèrè pé kí òjò, oòrùn àti ogun má fi àmì kankan sílẹ̀ lára èso. Serge kọ̀ láti fi oògùn nu àmì yẹn kúrò, àwọn ìgò tó ti pé 30 tàbí 40 ọdún tí wọ́n ṣì ń dùn sì ti dá a láre.

Ilé náà ń ṣe wáìnì mìíràn. Hochar Père et Fils wà, tó rọ̀ ju ìyá rẹ̀ lọ. Musar Jeune wà fún ẹni tí kò lè dúró. Wáìnì funfun wọn sì ń ti ara Obaideh àti Merwah wá, àjàrà àbáláyé Lẹ́bánónì tí ó tọ́ sí àpilẹ̀kọ tirẹ̀.

Serge kú ní Mẹ́síkò ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2014, nígbà tó lọ gba ìsinmi. Àwọn ọmọ rẹ̀, Gaston àti Marc, pẹ̀lú Ronald àti Ralph ọmọ tirẹ̀, ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Tarek Sakr, tó ti ń ṣe wáìnì níbẹ̀ láti 1991, dúró tì wọ́n. Wàhálà kò tíì tán ní ilẹ̀ wọn. Owó Lẹ́bánónì wó lulẹ̀ láti 2019, èbúté Beirut bú gbàmù ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 2020, bọ́ǹbù sì tún bọ́ sí Bekaa ní 2024.

Bí ìgò Musar pupa bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ má ṣe kó o sínú fìríìsà bí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣe sí wáìnì. Ẹ gbé e dúró lóòró fún ọjọ́ kan kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀, ẹ ṣí i ní wákàtí mélòó kan ṣáájú oúnjẹ, kí ẹ rọra dà á sínú ohun mìíràn. Ẹran àgùntàn tàbí ẹran ìgbẹ́ tí a yan ló bá a mu jù lọ.