Orúkọ Ẹja Dískọ́ọ̀sì àti Omi Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Johann Jakob Heckel, onímọ̀ nípa ẹja ní ilẹ̀ Ọ́stríà, sọ ẹja pẹlẹbẹ ilẹ̀ Bùràsíìlì yìí lórúkọ ní ọdún 1840, òkú ẹja tí Johann Natterer kó ránṣẹ́ láti Rio Negro, èyíinì ni Odò Dúdú, ni ó wà níwájú rẹ̀, òkú ẹja kò sì ní ohun tí yóò fi han ojú ju ìrísí ara rẹ̀ lọ. Bí ó ti rí roboto ni ó fi di dískọ́ọ̀sì, orúkọ náà ni gbogbo àwọn tí ń sìn ín nínú àpótí onídígí sì ń pè é títí di òní.

Àwa náà lè pè é ní ẹja àwo, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrísí nìkan kọ́ ni àwọn baba wa fi ń ki nǹkan. Wọn a máa fi ìṣe kì í. Nígbà tí ẹyin ẹja yìí bá pa, akọ àti abo a máa sun oje yíyọ̀ kan jáde ní awọ ara wọn, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ a sì ṣù mọ́ wọn lára, wọn a máa já a jẹ. Bí ó bá sú ọ̀kan nínú òbí, a gbọn ara, a sì fi wọ́n lé èkejì lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fi àìmọ̀ kó àwọn ọmọ náà kúrò lára òbí wọn ní àkókò yìí, ebi ni ó fi wọ́n fún. Afarabọ́mọ ni mo fẹ́ kí a máa pè é, nítorí pé orúkọ ní í ro ni, èyí yóò sì ti kìlọ̀ fún olówó ẹja kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan omi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn epìyà, tí wọ́n jẹ́ ìbátan rẹ̀ nínú odò tiwa, ẹnu ni wọ́n fi ń kó ẹyin àti ọmọ: Afẹnugbọ́mọ ni ti wọn.

Omi Odò Dúdú lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó pọ́n bí omi àgbo nítorí ewé tí ó rẹ sínú rẹ̀, ó sì kan díẹ̀. Kò sí ìdí láti wá orúkọ tuntun fún omi tí èròjà òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí gbogbo alágbàfọ̀ ti mọ omi tí ọṣẹ kì í hó. Omi tí ọṣẹ ń hó dáadáa ni a bí Afarabọ́mọ sí.

Ibi tí ó le jù láti sọ lórúkọ ni ti oró inú omi àpótí. Ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ a máa di amóníà, tí í pa ẹja. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú asẹ́ tí ń sẹ́ omi náà a sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà í pa á. Àwọn mìíràn a sì sọ ìyẹn di náítíréètì, tí ewu rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti àwọn ìṣáájú. Kí ni a ó fi orúkọ méjì tí ó jọra tó báyìí ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé bí ahọ́n bá ṣì wọ́n pè, ẹ̀mí ẹja ni yóò bá a lọ? Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní oró kìíní, oró kejì àti àṣẹ́kù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn kòkòrò náà fi ń pọ̀ sí i kí asẹ́ tó lè ṣẹ́gun oró méjèèjì; nígbà náà ni kí a wí pé omi ti gbó, kí a tó kó ẹja sí i. Ṣùgbọ́n asẹ́ kì í sábà gba àṣẹ́kù: ọwọ́ ẹni tí ń sin ẹja ni yóò bu díẹ̀ dànù nínú omi náà déédéé, tí yóò sì fi omi mímọ́ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá rọ́pò rẹ̀.